Mélòó Nínú Mẹ́wàá?

Ìwé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun bá mi nílé láàárọ̀ yìí.
Wọ́n ní kí n jọ̀wọ́, kí n fún ìrìn-àjò mi ní máàkì.
Oúnjẹ: mélòó nínú mẹ́wàá?
Ibùsùn: mélòó?
Ṣé ohun tí ẹ rí gbà tó iye tí ẹ san?
Mo mú bírò, mo gbé e sílẹ̀,
mo lọ gbé omi tíì kaná.

Òjò Southampton ń fọ fèrèsé kíṣìnnì mi.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń wo àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn
láti fèrèsé wọ́ọ̀dù, ní àjà kẹfà,
bí mo bá ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn aláìsàn nírọ̀lẹ́.
Wọn a fọn fèrè,
wọn a rọra yí ìdí padà bí ìyàwó olówó,
wọn a lọ.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin pọ́n-ùn ó lé ẹgbẹ̀ta.
Dúrótolú ọmọ mi fi fóònù ṣírò rẹ̀:
òru mẹ́rìnlá, ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún lórí òru kan.
"Mọ́mì, owó yìí á ra páànù fún gbogbo ilé Ìlá."
N kò dá a lóhùn.
Ó mọ iye owó; kò mọ iye òru.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́.
Wọ́n ní bákónì mi á kọjú sí òkun.
Ó kọjú sí i, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìdóòlà ẹ̀mí kan
fi ìdí aláwọ̀ ọsàn dí apá òsì pátá:
ìdajì òkun ni mo rà.
Omi inú ìgò, ẹ san. Wáìnì, ẹ san.
Kọfí wọn lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí omi ìwẹ̀ ìkókó.
Ẹja wọn kò gbúròó ata rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti pa á.
Ọjọ́ kẹta ni mo yọ ata gígún mi nínú báàgì;
Glenys, opó láti Swansea, ní kí n bu díẹ̀ sórí tòun.
Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó tún na àwo.
Kò sí àyè fún ìyẹn nínú ìwé wọn.

Búrẹ́dì, mẹ́wàá. N kò ní í purọ́ mọ́ búrẹ́dì.

Ibùsùn ńkọ́?
Ọmọkùnrin kan, Wayan, ará Bálì,
ní ń tẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.
Ó ń ṣẹ́ igun aṣọ bí èmi ṣe máa ń ṣẹ́ ẹ.
Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ń yún mi.
Ta ló tẹ́ ibùsùn fún mi rí? Ìyá mi, bóyá.
Mo béèrè ọmọ. Ó fi fọ́tò hàn mí:
ọ̀sẹ̀ méjì ló fi gbé e mọ́ra kó tó wọkọ̀.
Ọmọ ti ń rìn báyìí.
Mo ní, "Èmi náà," ọ̀rọ̀ sì há sí mi lọ́fun.
Ọdún mẹ́fà ni Dúrótolú fi pe ìyá mi ní ìyá
kí ìwé mi tó jáde,
kó tó dé Heathrow, kó wò mí bí ẹni ń wo dókítà.

Lóru ọjọ́ náà oorun kọ̀ mí.
Mo jókòó síwájú ìdajì òkun mi.
Norway wà níbì kan nínú òkùnkùn.
Agogo mẹ́ta òru, àsìkò tí aláìsàn máa ń kú jù.
Bẹ́ẹ̀lì kò dún. Ẹnikẹ́ni kò pe "Nọ́ọ̀sì!"
Èmi nìkan ló jí, kò sì sí ẹni tó ń kú.
Òkun kàn ń mí.
Èló ni kí n pe ìyẹn?

Tíì ti tutù. Mo kọ mẹ́rin fún kọfí.
Níbi òṣìṣẹ́ tó ṣe dáadáa jù, mo kọ WAYAN gàdàgbà.
Ogún pọ́n-ùn ni mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí lọ́jọ́ tí a gúnlẹ̀;
mo mọ̀ pé mo lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ìbéèrè ìkẹyìn: ṣé ẹ ó tún bá wa lọ?
Fèrè kan dún láti èbúté,
mo gbọ́ ọ láàárín òjò.
Fóònù ń dún lórí tábìlì. Dúrótolú ni.
N kò tíì gbé e.